Ọdẹ́jọbí ní Erékùṣù Àwọn Béárì Dúdú

Ẹ fà mọ́ra níbẹ̀ yẹn, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríbi fìdí lé. Ẹni tó ní ẹ̀pà lẹ́nu kí ó yára gbé e mì, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tó ń jẹ nǹkan lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi ni mo tẹjú mọ́ ẹfọ̀n kan títí ẹfọ̀n fi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní òun ò bá tèmi wá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o! Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ti ọkùnrin tó kọ́ mi níbọn ni, Ọdẹ́jọbí ará Ẹrìn-Ọdẹ. Bí èmi tí ẹ ń wò yìí bá jẹ́ iná, òun ni ẹni tó ṣáná.

Ẹsẹ̀ Ọdẹ́jọbí kì í gbélé. Bí ó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ewé àgbọn. Bí Ẹfúnyẹlá ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ fún un, ìdúró ni yóò fi jẹ ìdajì, yóò sì ki ìdajì tó kù sínú àpò, ó di inú igbó. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Arìn-má-kàárẹ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ẹfúnyẹlá bí fún un, obìnrin ni, Àyìnkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àyìnkẹ́ ti tó wọlé ọkọ. Ó gbó ṣáṣá, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa dé ojúde kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn ibà kan tó ṣe é, oorun kọ Àyìnkẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o: mi ò ní oorun dín kù fún un, mo ní ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ yóò là kalẹ̀ sí àjà bí ojú ẹja. Wọ́n fún un ní àgbo mu, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n fi òrí pa á lára, wọ́n gbé e lọ sílé àwọn ìyá rẹ̀ kí ó lè yí ibùsùn padà, ojú náà ò pa dé. Ó ń gbẹ. Ó ń gbá àgbàlá tí ó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà tí kò sí òkúta nínú rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kan, ó wo bàbá rẹ̀ tó ń tún okùn àpò ọdẹ rẹ̀ ṣe, ó ní:

“Bàbá, báwo ni oorun ṣe máa ń rí? Mo ti gbàgbé.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́jọbí lára ju ọfà lọ. Ó dìde, ó mú ìbọn, ó ní òun ń lọ wo tàkúté òun. Irọ́ ni. Ó fẹ́ lọ sí ibi tí kò sí ẹni tí yóò rí omi lójú òun ni.

Nígbà tí ó dé ìdí tàkúté, kì í ṣe ẹtu ni ó bá níbẹ̀, kì í sì ṣe òkété. Iwin ni. Orí iwin náà dà bí ìkòkò àlòkù, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ní, ẹsẹ̀ náà gan-an sì ni tàkúté mú.

Iwin ní, “Ọdẹ́jọbí, tú mi sílẹ̀. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì lè fi ọ̀kan ta tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n èyí nìkan ni mo ní.”

Ọdẹ́jọbí ní, “Kí ni mo máa rí gbà?”

Iwin wò ó láti òkè délẹ̀. “Mo rí i ní ojú rẹ pé oorun ni o ń wá, kì í sì ṣe fún ara rẹ. Gbọ́. Lẹ́yìn igbó yìí ni ìlú àwọn aláìjókòó wà. Lẹ́yìn ìlú wọn ni ọ̀sà ńlá wà, erékùṣù kan sì wà láàárín ọ̀sà náà. Àwọn béárì dúdú ni wọ́n ni ibẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, olúkúlùkù wọn yóò wọ ihò rẹ̀, yóò sùn, kò ní jẹ, kò ní mu, títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń jẹ kẹ́yìn kí wọ́n tó wọ ihò. Nǹkan náà ló ń pe oorun wá.”

“Kí ni nǹkan náà?”

“Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé mo máa jí rìn kiri títí tí n ó fi wọ tàkúté rẹ?”

“Kí ni wọ́n sì ń pè ní béárì?”

“Ẹranko ni. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ó bá dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, ó ga tó ọ. Ó ń jẹ oyin, ó ń jẹ ẹja, ó sì ń gun igi bí ẹni pé igi ló bí i. Tú mi sílẹ̀ wàyí!”

Ọdẹ́jọbí tú u sílẹ̀. Kò padà sílé lọ dágbére, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá rí ojú Àyìnkẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ò ní lè kúrò níbẹ̀. Àgbẹ̀ kan tó pàdé lọ́nà ni ó rán sí Ẹfúnyẹlá pé kí ó máa ṣọ́ ọmọ, òun lọ ra oorun wá.

Igbó tó wọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè ọ̀nà rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn igi ibẹ̀ ń yí ẹ̀gbẹ́ padà bí ẹni tí eèrà ń jẹ. Ẹyẹ ibẹ̀ kì í bà, fífò ni wọ́n fi ń yé ẹyin. Níbi tí igbó ti dí jù ni ohùn kan ti ké pé, “Ta ni ń lọ láìjẹ́ pé ó bá mi jà?” Iwin kan tí ń jẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Igba ni ó jáde, ó gùn bí ọ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí igi ọgbà. Wọ́n dì mọ́ra. Ọdẹ́jọbí gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, òmíràn ti múlẹ̀. Ó tún gbé òmíràn, èyí àkọ́kọ́ ti padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti gbìyànjú àti fa ọgbà tu pẹ̀lú ọwọ́ lásán rí? Bí ó ṣe rí nìyẹn. Iwin náà ká a mọ́lẹ̀ bí ẹni ká ẹní, ẹ̀mí Ọdẹ́jọbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán.

Níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti há mọ́ inú àpò ni ó ti fọwọ́ kan ìgò aásà rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ṣí i, ó dà á sí iwin náà nímú pátápátá. Ẹlẹ́sẹ̀-Igba sín. Bí ó ti sín, ẹsẹ̀ méjì já bọ́. Ó tún sín, ẹsẹ̀ tún já. Bí ó ti ń sín ni ẹsẹ̀ ń já, wọ́n ń sá wọ inú igbó lọ fúnra wọn, títí tó fi ku imú àti ikùn lásán nílẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ, kọjá, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fún mi ní aásà díẹ̀ sí i. Ó dùn.” Ọdẹ́jọbí fi ìgò náà sílẹ̀ fún un, ó sáré kọjá.

Ibi tí igbó parí sí ni ẹnubodè ìlú àwọn aláìjókòó. Oníbodè ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú ẹnubodè, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìdúró.

“Àlejò, ẹ kú ìrìn. Àlọ́ méjì ni owó ibodè wa. Kí ni ó ń rin ìrìn-àjò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tí kò tíì jáde nílé rí?”

“Ìgbín ni,” ni Ọdẹ́jọbí wí. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa. Kí ni ó ń lé ọ, tí o kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ rí?”

Ẹ̀rín náà gbẹ. Ọdẹ́jọbí ní òjìji ni. Oníbodè mi orí. Ọdẹ́jọbí tún ní ikú ni. Oníbodè tún mi orí.

“Kí wá ni?” ni Ọdẹ́jọbí bèèrè.

“Gbogbo wa níbí ni a ò mọ̀ ọ́n,” ni oníbodè dáhùn. “Bí a bá mọ̀ ọ́n, à bá ti jókòó. Ó yá, wọlé kí o máa bá wa rìn.”

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìlú náà, ó yí ìlú po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, gbogbo aráàlú sì ń rìn lórí rẹ̀. Ìrìn ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, ìkòkò wà lórí, iná wà nínú àwo lábẹ́ rẹ̀. Ìrìn ni wọ́n fi ń gbéyàwó. Bí ẹnì kan bá kú, wọn á gbé e sáàárín, wọn á máa bá a rìn títí eegun rẹ̀ yóò fi jábọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé inú Ọdẹ́jọbí bàjẹ́ níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn! Ta ni ó tún kù láyé tí yóò sọ fún un pé, “Bàbá Àyìnkẹ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun”? Ìrìn rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Wọ́n fi í jẹ Balógun Arìn, wọ́n fún un ní ọ̀pá, ó sì ń rìn níwájú, ó ń fi àyà gbọ́n afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Oúnjẹ kan ni ó yíjú lọ gbà lọ́wọ́ obìnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà pọn ọmọ. Ojú ọmọ náà pọ́n bí ata, ó là kalẹ̀, ó ń wo òfìfo. Ojú Àyìnkẹ́ ni.

Ọdẹ́jọbí jókòó sáàárín ọ̀nà.

Ariwo wo ni ẹ fẹ́ kí n fi wé e? Àwọn tó wà lẹ́yìn ṣubú lù ú, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ṣubú lé àwọn yẹn, ọbẹ̀ dànù, ìyàwó já lọ́wọ́ ọkọ. Wọ́n ké pé, “Èèwọ̀! Ó jókòó!” Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó jókòó dìde, nítorí náà wọ́n yí i bí ẹni yí àgbá, wọ́n yí i jáde ní ẹnubodè kejì, ó sì bọ́ sétí ọ̀sà.

Omi náà fẹ̀ débi pé ojú ò rí òdìkejì, àyàfi òkùnkùn kékeré kan tó jọ ẹ̀yìn ìjàpá. Kò sí ọkọ̀, kò sí ọlọ́kọ̀. Bí ó ti ń wò, ó rí igi dúdú kan tó ń léfòó lọ sí ọ̀nà ibẹ̀. Ó so ìbọn mọ́ orí, ó bẹ́ sómi, ó wẹ̀ bá igi náà, ó dì í mú. Igi náà ní irun. Igi náà gbóná. Igi náà yíjú, ó sì mí sí i lójú.

Béárì ni! Akọ ńlá ni, àpá wà ní imú rẹ̀. Ọdẹ́jọbí fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n etí omi ti jìnnà. Ó mú irun náà dáadáa, ó pa ẹnu mọ́. Ẹranko náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó ń wẹ̀ lọ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, wọ́n sì jọ gúnlẹ̀. Béárì gbọn omi dànù, ó wo ọkùnrin náà bí ẹ ṣe ń wo eṣinṣin tó bà yín léjìká, ó sì wọ inú igi lọ.

Obìnrin arúgbó kan ń ṣa igi létí omi. Ìyá Adágbé ni orúkọ tó sọ ara rẹ̀. Ogun ló fọ́ ìlú rẹ̀ nígbà èwe, ó gun pákó kan, omi gbé e dé ibẹ̀, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi kúrò.

“Ẹ kú ilé, ìyá,” ni Ọdẹ́jọbí wí, ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Àyìnkẹ́ fún un. “Kí ni wọ́n máa ń jẹ kẹ́yìn, ìyá?”

“Ọmọ mi, èmi ò mọ̀. Bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀, ìdí iná ni èmi máa ń wà. Tẹ̀ lé ọ̀kan kí o fojú ara rẹ rí i. Abo kan wà tó ní ọmọ méjì, Ọlọ́mọ ni mo ń pè é. Ìyẹn kì í bínú láìnídìí. Ṣùgbọ́n gbọ́: má sáré níwájú wọn, má sì yìnbọn. Erékùṣù yìí kéré. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, kò sí ibòmíràn tí òmíràn yóò ti wá. Èyí tí o bá pa, àyè rẹ̀ ṣófo nìyẹn.”

Ọdẹ́jọbí fi ìbọn rẹ̀ búra. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń tọ Ọlọ́mọ lẹ́yìn.

Nígbà àkọ́kọ́, ó dúró níbi tí béárì ti lè rí i, ó kì í bí ọdẹ ṣe ń ki ẹranko ńlá. Ó ní, “Adúmáadán, ọlọ́wọ́ bí ọkọ́, arìn bí ẹni ń da omi!” Ó ti bá iwin sọ̀rọ̀, ó ti bá oníbodè sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló dá a lóhùn. Ọlọ́mọ kò dá a lóhùn. Ó tú òkúta kan, ó jẹ akàn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó kọjá lọ. Ó dun Ọdẹ́jọbí. Ó tún oríkì náà sọ, ó fi kún un. Béárì kò tilẹ̀ gbé etí sókè. Láti ìgbà náà ni ó ti dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ sì ni ó jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ríran.

Ó rí i pé bí omi ọ̀sà bá fà sẹ́yìn, àwọn béárì a sọ̀kalẹ̀ wá tú òkúta, olúkúlùkù ní tirẹ̀, wọn kì í kó ara wọn jọ bí ẹfọ̀n. Ó rí igi kan tí gbogbo wọn máa ń fi ẹ̀yìn họ, tí wọ́n sì máa ń fi èékánná ya èèpo rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti dé ìdí rẹ̀, yóò gbóòórùn ẹni tó kọjá kí òun tó dé, bí ẹ ṣe máa ń bèèrè pé, “Ta ló wá nígbà tí mi ò sí nílé?” Ó rí Ọlọ́mọ tó wú òkìtì ìkán, tó ń fi ahọ́n lá a mọ́. Ó rí i nígbà tí èso ìyeyè gbó, tó jẹ ẹ́ títí ìgbẹ́ rẹ̀ fi di kìkì kóró. Nígbà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í gun odò kékeré tó ṣàn wọ ọ̀sà, gbogbo béárì erékùṣù jáde sétí odò, kódà àwọn tí kì í fẹ́ rí ara wọn. Wọ́n ń kùn síra wọn, wọ́n ń jẹ. Ọlọ́mọ a gbá ẹja jáde, a fún àwọn ọmọ ní orí rẹ̀, wọn a sì máa jà sí i.

Bí béárì ti ń rìn ni Ọdẹ́jọbí ń rìn. Bí ó bá sùn díẹ̀ nínú koríko, ọkàn rẹ̀ á ta á jí: bí ó bá jẹ nǹkan náà nígbà tí mo sùn ńkọ́? Bí Àyìnkẹ́ bá ti kú ńkọ́? Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Béárì ń sanra, ọdẹ ń rù.

Ọyẹ́ dé. Ewé gbẹ, etí omi tutù bí ojú irin. Ọlọ́mọ kò jẹ ìyeyè mọ́, kò wo ẹja mọ́. Ó gun òkè lọ, ó gba àárín àpáta kọjá, ó dé ihò kan lábẹ́ gbòǹgbò igi ńlá, ó ń fi koríko gbígbẹ tẹ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀ sí ibi àbàtà kan nítòsí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni akọ ńlá náà ti yọ, alápàá ní imú. Òun kò tíì sanra tó, ebi ń pa á, ojú rẹ̀ sì wà lára àwọn ọmọ. Ọlọ́mọ fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, “Hòo!” Àwọn ọmọ náà ti wà lókè igi kí ohùn náà tó balẹ̀. Ìyá wọn fi ẹ̀yìn ti ìdí igi, ó dìde lórí ẹsẹ̀ méjì. Akọ náà fi ìlọ́po méjì tóbi jù ú lọ, ó sì ń bọ̀ wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́.

Ọta wà nínú ìbọn. Ọdẹ́jọbí gbé e sójú. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ mọ bí ìka ṣe máa ń hún ènìyàn. Ṣùgbọ́n béárì tó gbé òun gba orí omi ni òun ń wò yìí, bí ó bá sì kú, àyè rẹ̀ ṣófo nìyẹn. Ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ó jáde sí gbangba, ó nàró, ó gbé apá sókè, ó sì la ẹnu.

Ìjálá ni ó sun! Gbogbo èyí tó ti gbé mì láti ìgbà tó ti dákẹ́ ni ó tú jáde. Ó pariwo orúkọ bàbá rẹ̀, ó pariwo ti àwọn baba ńlá rẹ̀, ó purọ́ iye erin tó ti pa, ó fi ìdí àdá lu àpáta títí iná fi ń ta. Àpáta gba ohùn rẹ̀, ó dá a padà ní ìlọ́po. Akọ béárì dúró. Ó fa imú. Ó wo Ọlọ́mọ, ó wo nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ méjì aláriwo yìí, ó rò ó, ó sì yípadà bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan kan sílé.

Ọlọ́mọ kò dúpẹ́. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì padà sí ibi tí wọ́n ti ń wú ilẹ̀. Gbòǹgbò kan ni wọ́n wú jáde, ó funfun bí eyín, òórùn rẹ̀ sì le. Wọ́n jẹ ẹ́ títí wọ́n fi ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, wọ́n wọ ihò, koríko bò wọ́n. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ ni Ọdẹ́jọbí tó lọ sí àbàtà náà. Ẹyọ kan ni ó kù, eyín ti bù ú jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó bù ú tó èékánná, ó tọ́ ọ wò. Kò ríbi jókòó sí tí oorun fi mú un.

Nígbà tí ó lajú, ewé ni wọ́n fi bò ó, Ìyá Adágbé sì ń dá iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọyẹ́ ti mú gan-an. Ó fò dìde. “Ìyá, báwo ló ti pẹ́ tó?”

“Ó pẹ́ tó kí n rò pé mo máa ní láti gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀mí rẹ ń lọ ó sì ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lọ́nà.”

Ó bẹ ìyá náà pé kí ó bá òun lọ. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bí mo bá lọ, ta ni yóò mọ ẹni tó jí nígbà tí òjò bá rọ̀?” Ó ti so pákó jọ fún un. Ọdẹ́jọbí ki gbòǹgbò tó kù sínú àpò. Bí ó ṣe padà, mi ò ní í fi dá yín dúró. Ó gba ẹ̀yìn ìlú aláìjókòó kọjá bí olè, imú inú igbó náà sì kí i pé, “Ṣé aásà wà?”

Àyìnkẹ́ ṣì wà láàyè nígbà tó dé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e, ẹ ó rò pé aṣọ lásán lẹ gbé. Ẹfúnyẹlá kò bèèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ ti bọ̀. Ó gbé omi kaná, wọ́n se gbòǹgbò náà, wọ́n fún ọmọ mu. Ojú Àyìnkẹ́ rọra wálẹ̀, ó pa dé. Ẹfúnyẹlá sunkún ayọ̀ títí gèlè rẹ̀ fi rin.

Ilẹ̀ mọ́, Àyìnkẹ́ kò jí. Ọjà ná, ọjà tún ná, kò jí. Ara rẹ̀ tutù. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, Ṣàngódèyí tó jẹ́ olórí ẹbí dé ní ọ̀sán gangan, àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọkọ́ àti ẹní.

“Ọdẹ́jọbí, a kú ìrọ́jú. Òkú kì í gbé lọ́dọ̀ alààyè tó báyìí. Jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún ọmọ wa.”

“Ẹ̀gbọ́n, ó ń sùn ni.”

“Ta ló ń sùn bẹ́ẹ̀?”

“Mo ti rí àwọn tó ń sùn bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ sí imú rẹ̀, kẹ́ ẹ ní sùúrù.”

Ṣàngódèyí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ síbẹ̀, ó sì mú un kúrò kíákíá bí ẹni tó fọwọ́ kan omi tútù. “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àbúrò mi. Ìrìn-àjò ti dà ọ́ lórí rú.”

Ọdẹ́jọbí dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ìbọn nílẹ̀, ọwọ́ lára òpó. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ òun yóò kọ́kọ́ gbé òun. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ẹfúnyẹlá kò wò ó.

“Bàbá Àyìnkẹ́,” ni obìnrin náà wí, “ẹ jẹ́ ká gbà. Ẹ ti gbìyànjú.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju ti àwọn ọlọ́kọ́ lọ. Ọdẹ́jọbí kò jà. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, ọdẹ ńlá yìí! Ó ní, “Ìwọ lo bí i. Fi ọwọ́ sí i láyà, má sì mú un kúrò títí tí mo fi máa ní kí o mú un kúrò. Bí o bá wá ní ó ti kú, èmi fúnra mi ni yóò gbẹ́ ilẹ̀.”

Ẹfúnyẹlá wọlé, ó fi ọwọ́ sí àyà ọmọ. Adìẹ kan wọlé, ó jẹ ohun tó fẹ́ jẹ, ó jáde. Ṣàngódèyí hú ikọ́. Àwọn ọlọ́kọ́ ń pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ọwọ́ Ẹfúnyẹlá sì gòkè. Ó gòkè díẹ̀, bí omi inú ìkòkò tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé abẹ́ rẹ̀, ó sì wálẹ̀.

Ẹfúnyẹlá dìde. Ó jáde sí àwọn ọkùnrin náà. “Ẹ kó ọkọ́ yín lọ. Ilé mi ni ẹ wà.”

Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Bí Ẹfúnyẹlá bá lọ pọnmi, Ọdẹ́jọbí wà níbẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń hún un, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọn fèrè wọn níta, wọ́n ń pè é, kò lọ. Kò gbà kí ojú òun pa dé, nítorí kò gbọ́kàn lé Ṣàngódèyí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú, afẹ́fẹ́ gbá eruku, òjò àkọ́rọ̀ sì ya lu òrùlé. Òórùn ilẹ̀ tútù wọ inú yàrá. Àyìnkẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ó na ara rẹ̀, egungun rẹ̀ ń dún, ó dìde jókòó, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní:

“Ìyá mi, kí la ní tí a lè jẹ?”

Ẹfúnyẹlá gbé ẹ̀bà wá, ó jẹ ẹ́ tán. Ó gbé ẹ̀wà wá, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ iṣu sísun, ó jẹ ẹja gbígbẹ pẹ̀lú egungun rẹ̀, ó ń fi ìka nu àwo. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì jáde lọ sí ojúde nínú òjò.

“Bàbá ńkọ́?” ni ó bèèrè. “Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀.”

Wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọdẹ́jọbí ti fara ti òpó, ẹnu rẹ̀ là, orúnkún rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Òjò ń ta sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Àyìnkẹ́ fẹ́ lọ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dì í mú lápá.

“Má jí i,” ni Ẹfúnyẹlá wí.

Ẹnu mi ò kọjá ibẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbọn eruku ìdí yín, ẹ kó àwọn ọmọdé dání, kí olúkúlùkù wá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.